Kí ló gbé "t" sí iwájú tachtig?

AyọNíAntwerp
Ẹ kú alẹ́ o gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo sì mọ̀ pé ẹni tó máa mọ̀ ọ́n ò ní wọ́n níbí. Mò ń kọ́ èdè Dutch níbi tí mò ń gbé ní Bẹ́ljíọ̀mù, kíláàsì alẹ́ ni, ibi iṣẹ́ la ti máa ń lọ tààrà. A wá dé orí ońkà. Vier ni mẹ́rin, veertig ni ogójì. Vijf ni márùn-ún, vijftig ni àádọ́ta. Zes, zestig. Zeven, zeventig. Ó ń lọ geere, ẹ kàn fi -tig sí ìdí nọ́ńbà kékeré ni. Tíṣà wá ní kí n sọ ọgọ́rin, acht ni mẹ́jọ, mo bá fọkàn balẹ̀ pe "achtig" lójú gbogbo kíláàsì. Ó ní rárá, TACHTIG. Mo ní ẹ jọ̀ọ́ níbo ni t yẹn ti wá nígbà tí kò sí lára acht, ó ní bó ṣe rí nìyẹn, kí n há a sórí.

Ìdáhùn yẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn rárá. Ìyá bàbá mi ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n tó o bá bi wọ́n pé kí ló dé tí 50 fi ń jẹ́ àádọ́ta, wọ́n á ní ṣebí ẹ̀wá ló dín nínú ọgọ́ta, wọ́n á sì ka ọgọ́ta fún ẹ ní ogún ogún lọ́nà mẹ́ta. Ońkà kì í dédé rí bó ṣe rí. Ẹni tó bá mọ ìdí ẹ̀ kó ràn mí lọ́wọ́.

ỌmọṢàgámù
Mi ò gbọ́ Dutch tó bẹ́ẹ̀ o, àmọ́ mo gbé ọdún méjì ní Rotterdam. Ṣé kì í ṣe 't tí wọ́n fi ń gé het (bíi "the" Gẹ̀ẹ́sì) kúrú ni? Wọ́n máa ń sọ 't huis dípò het huis. Bóyá wọ́n ń sọ "het achtig" títí tó fi lẹ̀ mọ́ra.

ÀǹtíHamburg
Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ní Jámánì níbí, achtzig la máa ń sọ, kò sí t kankan níwájú ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni German àti Dutch. Ṣùgbọ́n bàbá àgbàlagbà kan wà nísàlẹ̀ ilé wa, abúlé ni wọ́n ti wá, Plattdeutsch ni wọ́n máa ń bá ìyàwó wọn sọ, ìyẹn èdè àríwá Jámánì àtijọ́ tí kò jọ ti tẹlifíṣọ̀n. Mo gbọ́ tí wọ́n pe 80 ní "tachentig". Torí náà t yẹn ò dúró ní bọ́dà Holland o.

Jóbọ̀gTáyé
Àwa náà ní in ní South Africa. Afrikaans ń pè é ní tagtig. Wọ́n kó o wọkọ̀ ojú omi wá láti Holland ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, kò já sọ́nà.

BàbáÌwé
Ẹ kú ìjókòó o. Èdè ìdílé yìí ni mo fi ṣe digírì, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ ṣàlàyé, torí ìbéèrè yìí dára púpọ̀, tíṣà yẹn ì bá ti fi ìṣẹ́jú márùn-ún dáhùn ẹ̀.

T yẹn kì í ṣe ti het, ọmọ Ṣàgámù. Kùkùté ni. Tí wọ́n bá gé igi lulẹ̀ tí wọ́n wá gbàgbé ìdí ẹ̀ sílẹ̀ lóko, ohun tí t yẹn jẹ́ nìyẹn, igi ọ̀hún fúnra ẹ̀ ti lọ tipẹ́.

Láyé ìgbà tí àwọn tó ń sọ Dutch, Gẹ̀ẹ́sì àti Saxon ò tíì jìnnà síra wọn, ọwọ́ tí wọ́n fi ń ka 20 dé 60 kọ́ ni wọ́n fi ń ka 70 lọ sókè. Wọ́n á ka ogún, ọgbọ̀n, ogójì, títí dé ọgọ́ta, kò séwu. Tí wọ́n bá ti kọjá ọgọ́ta báyìí, wọ́n á gbé ọ̀rọ̀ kan síwájú nọ́ńbà. Ẹ wo Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń sọ kí àwọn ará Normandy tó gba ìlú wọn ní 1066. 60 ń jẹ́ sixtig, kò sí nǹkan níwájú ẹ̀. 70 ń jẹ́ hundseofontig. 80, hundeahtatig. 90, hundnigontig. Kódà 100 ń jẹ́ hundteontig, 120 sì ń jẹ́ hundtwelftig. Ẹ rí hund tó ń tẹ̀lé wọn kiri? Ara ọ̀rọ̀ tó bí honderd àti hundred ni, ibi ẹ̀wá ni gbòǹgbò ẹ̀ sì wà.

Àwọn Saxon tó wà ní àríwá Jámánì ò pe hund délẹ̀, ant ni wọ́n ń pè é: 70 antsibunta, 80 antahtoda. Ẹ fi antahtoda sétí kẹ́ ẹ wá sọ tachtig. Ibi tí ó ti ń bọ̀ nìyẹn. An já bọ́ níwájú, t nìkan ló dúró. Nínú àwọn ìwé Dutch ìgbà àárín, tseventich, tachtich, tnegentich ni wọ́n ń kọ sílẹ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní t. Ṣùgbọ́n ts àti tn ò rọrùn lẹ́nu, t wọn bá bọ́. Ti tachtig, fáwẹ́lì ló tẹ̀lé e, kò di ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ló ṣe dúró títí dòní.

German ti Àǹtí Hamburg, ìyẹn German ilé ìwé, apá gúúsù ló ti wá, wọ́n ti sọ ọ́ nù lọ́hùn-ún tipẹ́. Gẹ̀ẹ́sì náà sọ ọ́ nù, eighty ló kù sí i lọ́wọ́.

AyọNíAntwerp
Bàbá, ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ìbéèrè kan péré: ṣé t ti zeventig wá lọ pátápátá ni, kò fi ojú àpá kankan sílẹ̀?

BàbáÌwé
Ó fi sílẹ̀, o sì ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́! Ibi tó o wà gan-an ló ti hàn jù. Lọ bá ọmọ Antwerp kan, ní kó sọ zes àti zeven fún ẹ. Z gidi lo máa gbọ́, èyí tó ń kùn bí oyin. Wá ní kó sọ zestig àti zeventig. S lo máa gbọ́, "sestig, seventig", bẹ́ẹ̀ z ni wọ́n kọ síbẹ̀. T ló bà á jẹ́ kó tó lọ: ẹnu ò lè sọ t kó tún sọ z tó ń kùn tẹ̀lé e, z bá di s, ts. Nígbà tí t bọ́, s ò padà di z mọ́.

Ti zestig tún wá dùn mọ́ mi, torí 60 ò ní hund níwájú rí. Aládùúgbò ló kó o ràn án. Ẹni tó bá ń kà lọ, 60 ló máa kọ́kọ́ sọ kó tó kan 70, ètè ti ń múra sílẹ̀ fún tseventich, ó bá fi t sí iwájú sestich náà. Ó ti ẹ̀ tún sọ̀ kalẹ̀ sí i, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pe veertig àti vijftig bíi "feertig" àti "fijftig", wọn ò sì pe vier àti vijf bẹ́ẹ̀.

ỌmọṢàgámù
Ẹ̀ṣẹ̀ mi ni, mo gbà. Àmọ́ Bàbá, kí ló dé tó fi jẹ́ 60 ni wọ́n ti yí ọwọ́ padà? Kí ló dé tí kì í ṣe 50 tàbí 100? Mo gbọ́ pé àwọn ará Bábílónì ń fi ọgọ́ta kà, ìyẹn ló fi di pé wákàtí kan jẹ́ ìṣẹ́jú 60. Ṣé kì í ṣe ibẹ̀ ló ti dé ọ̀dọ̀ wọn?

BàbáÌwé
Àwọn onímọ̀ kan ti sọ bẹ́ẹ̀ rí, àwọn kan ò gbà, àríyànjiyàn ẹ̀ ò tíì parí láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún. Èmi ò sí lẹ́yìn Bábílónì. Èyí tó dá mi lójú ni pé "ọgọ́rùn-ún" tiwọn láyé ìgbà yẹn kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ 100. Nínú èdè Norse àtijọ́ tí wọ́n ń sọ ní Iceland, hundrað jẹ́ 120. Tí wọ́n bá fẹ́ sọ 100 gan-an, tíu tigir ni wọ́n máa sọ, ẹ̀wá lọ́nà mẹ́wàá. Ẹni tó bá ń lọ sí 120, ìdajì ọ̀nà ẹ̀ ni 60, ẹ wò ó bóyá ẹ ò ní sinmi níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó tún bẹ̀rẹ̀.

Ìlà 60 yẹn ò sì mọ sọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Saxon. Èdè Gothic, mọ̀lẹ́bí Dutch láyé àtijọ́, tí bíṣọ́ọ̀bù Wulfila fi túmọ̀ Bíbélì ní ọ̀rúndún kẹrin náà ní in. 60 ni saihs tigjus, ẹ̀wá mẹ́fà. 70 wá di sibuntehund, 80 ahtautehund. Ẹ̀yìn ni tiwọn gbé hund sí, ṣùgbọ́n ibì kan náà ni gbogbo wọn ti yà.

ÀǹtíHamburg
Ẹ dúró ná! Bàbá ìsàlẹ̀ ilé wa yìí (mo lọ bi wọ́n, mi ò lè mú un mọ́ra) ní nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé, àwọn àgbẹ̀ kì í ka ẹyin ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ogún ẹyin ń jẹ́ Stiege. Stiege mẹ́ta ni Schock kan, ìyẹn 60. Schock méjì sì ni Großhundert, "ọgọ́rùn-ún ńlá", ìyẹn 120. Mo fi Yorùbá kà á tẹ̀lé wọn nínú ọkàn mi: ogún, ọgọ́ta, ọgọ́fà. Ogún kan, ogún mẹ́ta, ogún mẹ́fà. Orí mi wú. Mo ṣàlàyé ọgọ́fà fún wọn lórí àtẹ̀gùn ibẹ̀, wọ́n ń fi ìka tò ó lára ògiri, wọ́n ní kí n tún un sọ.

Nọ́ọ̀sìCopenhagen
Ẹ kú àárọ̀ o. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àná, ẹ wá dé orí ogún, mi ò lè dákẹ́ mọ́. Ẹ wá wo Dẹ́nmárkì o jàre. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, gbogbo àwọn tá a jọ dé ló ń sunkún torí ońkà Danish, àwọn ará Poland, ará Syria, gbogbo wọn. Emi nìkan ló yé kíákíá, Yorùbá ló sì jẹ́ kó yé mi.

50 lédè Danish ni halvtreds. Wọ́n gé e kúrú ni, orúkọ ẹ̀ ní kíkún ni halvtredsindstyve. Tyve ni ogún. Sinde ni ìgbà tàbí ọ̀nà. Halvtredje ni "ẹ̀kẹta lábọ̀", ìyẹn méjì tó pé àti ìdajì ẹ̀kẹta. Torí náà, ogún méjì ti pé, o wá wà láàárín ogún kẹta. 40 àti 10, ó di 50. Ẹ fi wé àádọ́ta: ogún mẹ́ta, ẹ̀wá dín. Ogún kẹta yẹn náà ni àwọn méjèèjì ń wò! 60 ni tres, tresindstyve, ogún mẹ́ta, ọgọ́ta. 70 ni halvfjerds, ó wà láàárín ogún kẹrin, àádọ́rin náà ogún mẹ́rin ló ń wò. 80 ni firs, ogún mẹ́rin, ọgọ́rin. 90 ni halvfems, àádọ́rùn-ún. Kò sí èyí tó yẹ̀ láti 50 dé 90. Ọ̀pọ̀ ọmọ Danish ò tiẹ̀ mọ̀ pé ogún ló wà nínú ẹ̀, wọ́n há a sórí ni, àfi tí wọ́n bá fẹ́ sọ "ìkàádọ́ta", ibẹ̀ ni wọ́n ti máa sọ ọ́ ní kíkún, halvtredsindstyvende.

Jóbọ̀gTáyé
Ẹ̀gbọ́n mi, èyí lágbára o. Ṣé pé Yorùbá àti Danish ti pàdé níbì kan rí ni?

BàbáÌwé
Rárá o, ẹ má jẹ́ ká gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ ìyá Danish gan-an ò ní in: Swedish ń sọ femtio, ìyẹn ẹ̀wá márùn-ún, kò fi ogún ṣe. Ìka ọwọ́ àti ìka ẹsẹ̀ ló kó ogún bá gbogbo ayé, French náà ń pe 80 ní quatre-vingts, ogún mẹ́rin. Ibi tí Yorùbá ti yàtọ̀ ni dídín. Danish ń gé ogún sí méjì, àwa ń mú ẹ̀wá kúrò.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun gidi. Ẹ fi ti Nọ́wè kún un: ní 1951, ìjọba wọn yí ońkà padà, nítorí nọ́ńbà tẹlifóònù. Tẹ́lẹ̀, bíi Dutch ni wọ́n ń kà, "méjì àti àádọ́ta". Wọ́n ní kí wọ́n máa sọ "àádọ́ta méjì" láti ìgbà náà. Àwọn àgbàlagbà míì ò gbà títí dòní.

AyọNíAntwerp
Ìdajì tí Nọ́ọ̀sì sọ yẹn ti kó bá mi rí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Oṣù kejì tí mo dé ni. Ẹnì kan pè mí lórí fóònù pé kí n wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò iṣẹ́ ní "half drie". Mo gbọ́ half, mo gbọ́ drie, mo ní agogo mẹ́ta ààbọ̀. Mo múra, mo lọ ṣọ́ọ̀ṣì fi àdúrà sí i, mo débẹ̀ ní agogo mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú, inú mi ń dùn pé mo tètè dé. Wọ́n ní agogo méjì ààbọ̀ ni wọ́n ń retí mi. Ẹlòmíì ti gba iṣẹ́ náà. Mo sunkún nínú bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ náà, kò sì sí ẹni tó ṣàlàyé fún mi rí títí di àárọ̀ yìí tí mo ka ti Danish. Ó ti yé mi wàyí: wákàtí kẹta ni wọ́n ń wò, ìdajì ẹ̀ ló ti lọ.

Nọ́ọ̀sìCopenhagen
Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Ó dùn mí. Bẹ́ẹ̀ náà ni níbí, halv tre ni agogo méjì ààbọ̀.

BàbáÌwé
Pẹ̀lẹ́ o, Ayọ̀. O ti rí ìdí ẹ̀ báyìí, kò tún ní mú ẹ mọ́.

Kí n fi kan kún un torí ó wà nílé kan náà: o máa gbọ́ anderhalf fún ọ̀kan àti ààbọ̀, anderhalf uur ni wákàtí kan ààbọ̀. Ander lónìí ni "òmíràn", ṣùgbọ́n "èkejì" ló túmọ̀ sí láyé àtijọ́. Èkejì lábọ̀. Dutch àtijọ́ ní derdehalf náà, méjì àti ààbọ̀, bíi Danish gẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n ìyẹn ti kú, anderhalf nìkan ló kù.

ỌmọṢàgámù
Elf (11) àti twaalf (12) wá ńkọ́? Ìyẹn ò ní tien (mẹ́wàá) nínú rárá, bẹ́ẹ̀ dertien (13) ní in.

BàbáÌwé
Tien wà níbẹ̀, wọn ò kàn dárúkọ ẹ̀ ni. Gothic ń pe 11 ní ainlif, 12 ní twalif. Ain ni ọ̀kan, twa ni méjì, lif ni ohun tó ṣẹ́ kù, ọ̀pọ̀ onímọ̀ so ó pọ̀ mọ́ blijven tí Dutch fi ń sọ "ṣẹ́ kù" tàbí "dúró". O ka ẹ̀wá tán, ọ̀kan ṣẹ́ kù nílẹ̀: elf. Méjì ṣẹ́ kù: twaalf. Àwa ní ọ̀kan lé ẹ̀wá, ọ̀kànlá. Lithuanian tiẹ̀ ṣe é láti 11 dé 19, vienuolika, dvylika, lika yẹn náà ni "èyí tó kù".

Mo fẹ́ padà sórí tachtig kí n tó sùn, torí ibì kan wà tí mo fẹ́ràn jù lọ. Nínú Lúùkù orí kejì, opó kan wà, Ánà, wòlíì obìnrin tó ń gbé inú tẹ́ńpìlì. Bíbélì fi nọ́ńbà 84 sí ọ̀rọ̀ ẹ̀. Torí pé ọ̀pọ̀ èdè ló túmọ̀ Lúùkù, a lè rí bí ọgọ́rin ṣe ń yí padà lára obìnrin kan ṣoṣo yìí. Wulfila ní ọ̀rúndún kẹrin kọ ahtautehund jah fidwor, ọgọ́rin àti mẹ́rin. Àwọn Saxon kọ ewì ńlá kan nípa ayé Jésù ní ọ̀rúndún kẹsàn-án, Heliand lorúkọ ẹ̀, níbẹ̀ ó jẹ́ fior endi antahtoda. Bíbélì Dutch tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1637 kọ vier en tachtig. Yorùbá kọ mẹ́rìnlélọ́gọ́rin.

Ẹ wò ó, mẹ́rin ló ṣáájú nínú ti Saxon, ti Dutch àti tiwa. Tí Ánà bá jẹ́ ẹni ọdún 86 ni, a ò bá ti yà kúrò lẹ́yìn wọn: mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún.

Jóbọ̀gTáyé
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ti Afrikaans wò. "Vier-en-tagtig". Ó wà níbẹ̀.

AyọNíAntwerp
Mo lọ ra ẹja lọ́jà láàárọ̀ òní, ọjọ́ Sátidé ni ọjà ńlá wa. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ iye owó dáadáa. Ìyáàfin tó ń tà á tún un sọ fún mi: zeven euro zeventig. Bàbá, bẹ́ẹ̀ gan-an ni! Zeven kọ́kọ́ kùn lẹ́nu wọn, seventig wá jáde gbẹ́ẹ́. Mo ti ń ra ẹja lọ́wọ́ wọn fún ọdún kan ààbọ̀, etí mi ò gbọ́ ọ rí.

Mo ti kọ hund, ant, t sára bébà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ìwé tí mò ń gbé lọ kíláàsì. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀, màá fi han tíṣà, màá tún fi ti Ánà kún un.